Boissonade, ọmọ Faransé tó kọ òfin àdéhùn fún ilẹ̀ Jàpáànù

Ẹni tí àwọn ará Jàpáànù ń pè ní baba òfin ìgbàlódé nílẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ Jàpáànù rárá. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, Gustave Émile Boissonade ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n ní kó wá fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ó lé ní ọdún 21 kó tó kúrò níbẹ̀. Láàárín àkókò yìí, ó fi bí ọdún mẹ́wàá kọ ìwé òfin ńlá kan tó sọ bí èèyàn méjì ṣe lè bá ara wọn ṣe àdéhùn, ohun tí àdéhùn náà fi dè wọ́n, àti ohun tó tọ́ sí ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́. Ìjọba kéde ìwé òfin náà fáyé gbọ́, wọ́n tilẹ̀ dá ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọjọ́ yẹn pé, òfin náà kò bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, títí di òní olónìí, bí ọmọ Jàpáànù kan bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, tàbí tí onígbèsè kan bá fẹ́ fi ọgbọ́n àrékérekè kó dúkìá rẹ̀ pamọ́ fún olówó, iṣẹ́ ọwọ́ Boissonade ṣì wà nínú òfin tí wọn yóò fi dá ẹjọ́ wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí bẹ́ẹ̀ la fẹ́ ṣàlàyé.

Ọdún 1858 ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Boissonade kò tíì mọ ọ̀nà Jàpáànù. Lọ́dún yẹn, orílẹ̀-èdè márùn-ún, ìyẹn Amẹ́ríkà, Netherlands, Rọ́ṣíà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, mú kí ìjọba àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní shogun, àwọn tó ń ṣàkóso Jàpáànù nígbà náà, tọwọ́ bọ ìwé ìmùlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òwò. Ìbẹ̀rù ọkọ̀ ogun wọn ló jẹ́ kí àwọn shogun gbà. Ohun tó dun àwọn ará Jàpáànù jù nínú ìmùlẹ̀ wọ̀nyí ni pé adájọ́ wọn kò láṣẹ lórí àjèjì. Bí oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan bá jẹ ọmọ Jàpáànù lówó ní èbúté Yokohama, iwájú aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tí wọ́n jẹ lówó yóò lọ rojọ́, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò sì fi dá a lóhùn, lórí ilẹ̀ baba tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Jàpáànù bá ní kí wọ́n tún ìmùlẹ̀ náà ṣe, ohun tí àwọn òyìnbó máa ń fi dá wọn lóhùn ni pé wọn kò ní ìwé òfin tó ṣeé fi ọkàn tán.

Kì í ṣe pé àwọn ará Jàpáànù kò mọ àdéhùn ṣe. Ní Dojima, nílùú Osaka, àwọn oníṣòwò ti ń ta ìrẹsì tí kò tíì dé ọjà fún ara wọn, ìjọba sì fọwọ́ sí ọjà náà ní 1730. Wọ́n ń kọ ìwé gbèsè, wọ́n ń dúró fún ara wọn, wọ́n sì ń fi nǹkan dógò. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ìjọba àwọn shogun kò ka ọ̀rọ̀ owó láàárín aráàlú sí ẹ̀tọ́ tí èèyàn lè fi gbogbo ẹnu bèèrè. Ojú àánú ni wọ́n fi ń wò ó bí aláṣẹ bá gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1719, ìjọba tilẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn aláṣẹ má ṣe gba ẹjọ́ gbèsè mọ́, kí olówó àti onígbèsè lọ yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tí wọ́n bá dà nínú àdéhùn kò ní ibì kan pàtó tí yóò dúró lé láti sọ pé ẹ̀tọ́ òun rèé.

Nígbà tí ìjọba shogun wó ní 1868, tí ọba Meiji sì gorí àléfà pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ olóṣèlú tó yí i ká, wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fẹ́ gba ara wọn lọ́wọ́ ìmùlẹ̀ 1858, àfi kí wọ́n tètè ní ìwé òfin. Eto Shimpei, tó di mínísítà ètò ìdájọ́ lẹ́yìn náà, wà lára àwọn tó gbà pé kí wọ́n kúkú túmọ̀ ìwé òfin Faransé ti Napoleon sí èdè Jàpáànù kí wọ́n sì máa lò ó. Mitsukuri Rinsho ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ náà fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1869, láìsí ìwé atúmọ̀ èdè tó péye lọ́wọ́, láìsí ẹni tó lè bi léèrè. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú òfin Faransé ni kò ní àfiwé nínú èdè Jàpáànù. Nínú ìtumọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bíi kenri, tó túmọ̀ sí ẹ̀tọ́, àti gimu, tó túmọ̀ sí ojúṣe tó di dandan, ti di ohun tí àwọn amòfin Jàpáànù ń lò. Bí èèyàn bá rò ó dáadáa, kò sí òfin àdéhùn kankan tó lè dúró láìsí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Àmọ́ kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ìtumọ̀ nìkan kò tó. Wọ́n nílò ẹni tó mọ òfin náà láti gbòǹgbò, tí yóò lè kọ́ wọn ní ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí wọ́n rí ni Boissonade. Ọjọ́ 7, oṣù kẹfà, ọdún 1825 ni wọ́n bí i ní Vincennes, ìlú kan lẹ́bàá Paris. Jean-François Boissonade, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú èdè Gíríìkì àtijọ́, àárín ìwé lọmọ náà sì dàgbà sí. Òfin lòun yàn láàyò. Ó kàwé débi tí wọ́n fi ń pe òun náà ní ọ̀mọ̀wé, ó kọ́ni ní Grenoble láti 1864, kó tó padà sí Paris ní 1867 láti máa kọ́ni ní ẹ̀ka òfin ibẹ̀. Ó mọ òfin àwọn ará Róòmù ìgbàanì dunjú, ó mọ̀ nípa ètò ọrọ̀ ajé, ó sì ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí ìtàn ogún jíjẹ nílẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n bó ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún, kò tíì dé ipò ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà ní Paris.

Ní 1873, àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìdájọ́ tí ìjọba Jàpáànù rán wá sí Paris wà níbẹ̀ láti wo bí òfin ṣe ń ṣiṣẹ́. Boissonade ni wọ́n ní kó dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà tó gbà ń ṣàlàyé wọ̀ wọ́n lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba wọn fi bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ nílẹ̀ àwọn. Ó bá wọn tọwọ́ bọ̀wé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì gúnlẹ̀ sí Yokohama nínú oṣù kọkànlá ọdún yẹn. Ẹni ọdún 48 ni. Nígbà tó fi máa débẹ̀, Eto Shimpei ti fi ipò sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa á nítorí pé ó kópa nínú ọ̀tẹ̀ sí ìjọba.

Ilé ẹ̀kọ́ òfin tí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ dá sílẹ̀ ní Tokyo ni Boissonade ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1874. Èdè Faransé ló fi ń kọ́ wọn. Ohun tó fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé òfin kan wà tó ti wà nínú àdámọ́ ẹ̀dá kí ọba kankan tó jẹ, tí kò yàtọ̀ láàárín Faransé àti Jàpáànù: pé kí èèyàn má ṣe pa ẹnìkejì rẹ̀ lára, kó sì mú ẹ̀jẹ́ rẹ̀ ṣẹ. Gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń kọ́ wọn, iṣẹ́ tí ìwé òfin ń ṣe ni pé kó sọ òfin àdámọ́ yìí di ohun tí adájọ́ lè rí kà. Ìdí nìyí tí kò fi rí i bí ohun tó burú pé kí ilẹ̀ kan yá ìwé òfin ilẹ̀ mìíràn lò. Lójú tirẹ̀, ohun tó jẹ́ ti gbogbo ọmọ aráyé ni.

Kì í ṣe inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ti fi ìgbàgbọ́ yìí hàn. Nínú oṣù kẹrin, ọdún 1875, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó gbọ́ igbe ẹnì kan tó ń jẹ̀rora nítòsí. Nígbà tó lọ wò ó, ó bá ọkùnrin kan tí wọ́n fi ìyà jẹ kó lè jẹ́wọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Wọ́n kúnlẹ̀ rẹ̀ sórí igi onígun mímú, wọ́n sì to òkúta lé e lẹ́sẹ̀. Nígbà náà, òfin fàyè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí wọn kì í sábà dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láìjẹ́ pé ó jẹ́wọ́. Boissonade fárí gá. Ó lọ bá àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà, ó sì kọ̀wé pé òun kò ní í lè máa bá ìjọba tó ń ṣe irú èyí ṣiṣẹ́. Ní 1876, wọ́n yí òfin padà pé ẹ̀rí ni kí adájọ́ máa wò, kì í ṣe ìjẹ́wọ́ nìkan. Ní 1879, wọ́n fòpin sí ìfìyàjẹni nínú òfin pátápátá. Òun náà ló kọ àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ṣe òfin ìwà ọ̀daràn tuntun, èyí tí wọ́n kéde ní 1880 tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1882.

Ìjọba fọkàn tán an débi pé wọ́n mú un rìnrìn àjò. Nígbà tí ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ láàárín Jàpáànù àti Ṣáínà lórí erékùṣù Taiwan ní 1874, ó bá Okubo Toshimichi lọ sí Beijing gẹ́gẹ́ bí agbaninímọ̀ràn lórí òfin láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà láìjagun.

Ní 1879 ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ tó tóbi jù lé e lọ́wọ́, ìyẹn Ìwé Òfin Aráàlú, òfin tó máa sọ bí aráàlú yóò ṣe máa bá ara wọn lò lórí dúkìá, àdéhùn, gbèsè, ìdílé àti ogún. Ìjọba pín iṣẹ́ náà sí méjì. Boissonade ni yóò kọ apá tó jẹ mọ́ dúkìá, àdéhùn, dídúró fún ẹlòmíràn àti ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n apá tó jẹ mọ́ ìdílé àti ogún, àwọn amòfin Jàpáànù fúnra wọn ni yóò kọ ọ́, torí wọ́n gbà pé àjèjì kò lè mọ àṣà ilé onílé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọkùnrin tó ti kọ ìwé lórí ogún jíjẹ ni wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ogún.

Òfin Faransé ti 1804 ni Boissonade fi ṣe òpó, ṣùgbọ́n kò dà á kọ lásán. Ó wo òfin Ítálì àti ti Belgium, ó sì tún àwọn ibi tó rí bí àbùkù nínú òfin ilẹ̀ baba rẹ̀ ṣe. Ó fi àlàyé gígùn ti abala kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì jọ sọ tí wọ́n sì fi ọkàn gbà ti dè wọ́n. Ẹ̀tọ́ lórí ohun tí wọ́n ń tà ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń rà á lọ́gán tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti ṣọ̀kan, kódà bí ọjà náà bá ṣì wà nílé ẹni tó tà á. Bó bá jẹ́ ilẹ̀, ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba kó tó lè fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ kojú ẹlòmíràn. Àdéhùn kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ìdí tó jẹ́ òótọ́ tí kò lòdì sófin. Ẹni tó bá yẹ àdéhùn láìmọ̀ọ́mọ̀ yóò san owó gbà-má-bínú lórí àdánù tí wọ́n lè ti rí tẹ́lẹ̀ nìkan, ẹni tó bá sì fi ẹ̀tàn yẹ̀ ẹ́ yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí iṣẹ́ náà tó parí, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní 1887 tó fi irú èèyàn tí Boissonade jẹ́ hàn. Inoue Kaoru, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ti bá àwọn òyìnbó dé ibi àdéhùn kan. Wọn yóò tú ìmùlẹ̀ àtijọ́ ká, ṣùgbọ́n àwọn àjèjì ni yóò pọ̀ jù nínú adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ tó bá kan àjèjì, Jàpáànù yóò sì máa fi òfin rẹ̀ han àwọn ìjọba òyìnbó. Èèyàn lè rò pé òyìnbó tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ìjọba yóò fara mọ́ ọn, tàbí kó dákẹ́. Boissonade kọ̀wé sí ìjọba pé ètò náà burú ju ìmùlẹ̀ àtijọ́ lọ, pé ó máa ba iyì Jàpáànù jẹ́, àti pé aráàlú kò ní í gbà á. Ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ aráàlú, ariwo sì ta. Kí ọdún náà tó parí, Inoue ti fi ipò sílẹ̀, ètò náà sì fọ́.

Wọ́n kéde Ìwé Òfin Aráàlú ní 1890, ó sì lé ní 1,700 abala. Ọjọ́ kìíní ọdún 1893 ni kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún kan náà ni wọ́n kéde òfin ìṣòwò, èyí tí Hermann Roesler, ọmọ Jámánì, kọ. Àmọ́ ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láti 1889. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì ní Tokyo ń sọ pé wọ́n kánjú jù, pé òfin gbọ́dọ̀ ti inú àṣà ìlú hù jáde. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin Faransé ń dáhùn pé ìlú kò lè máa wà láìní òfin. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ náà wà níbẹ̀, torí bí òfin Faransé bá di òfin ìlú, àwọn tó mọ òfin Gẹ̀ẹ́sì kò ní fi ìmọ̀ wọn jẹun mọ́. Ní 1891, Hozumi Yatsuka, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú òfin, kọ àròkọ kan tó gbajúmọ̀ gan-an. Ó ní bí ìwé òfin yìí bá wọlé, ìwà ìtẹríba fún ọba àti fún òbí yóò wọ́gbó.

Ohun tí Yatsuka ń bá jà jù ni ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọ̀wọ̀ fún àwọn baba ńlá, ìyẹn apá tí Boissonade kò kọ. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó wà lẹ́nu gbogbo ayé ni wọ́n máa ń so mọ́ nǹkan. Ìwé òfin àjèjì ni wọ́n ń pè é, gbogbo rẹ̀ ló sì jìyà ẹ̀sùn náà pọ̀. Ní 1892, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ní 1890, dìbò pé kí wọ́n sún ìwé òfin náà síwájú di òpin ọdún 1896 kí wọ́n lè tún un ṣe. Bí ó ṣe di ohun ìgbàgbé nìyẹn.

Ní 1893, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ tuntun kalẹ̀ lábẹ́ Ito Hirobumi tó jẹ́ olórí ìjọba. Ọmọ Jàpáànù mẹ́ta ni wọ́n ní kó kọ òfin tuntun. Hozumi Nobushige, ẹ̀gbọ́n Yatsuka, kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì lọ sí Berlin lẹ́yìn náà. Tomii Masaaki gboyè ní Lyon nílẹ̀ Faransé, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tó ní kí wọ́n sún òfin Boissonade síwájú. Ẹnì kẹta, Ume Kenjiro, jáde nílé ẹ̀kọ́ òfin tí Boissonade ti kọ́ni, ó gboyè ní Lyon, ó sì dé Berlin. Òun ló jà fitafita pé kí wọ́n jẹ́ kí òfin àkọ́kọ́ náà máa ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n tún ìwé òfin àkọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Wọ́n to abala Boissonade sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi wé òfin àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ètò àwọn ará Jámánì ló wù wọ́n jù fún títo ìwé náà. Nígbà náà, Jámánì ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé òfin tirẹ̀, ó sì ti gbé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1888. Bíi tiwọn, àwọn ará Jàpáànù pín òfin náà sí ìwé márùn-ún: ìlànà gbogbogbòò, ẹ̀tọ́ lórí ohun ìní, ojúṣe láàárín olówó àti onígbèsè níbi tí àdéhùn wà, ìdílé, àti ogún. Wọ́n kéde ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ ní 1896 àti méjì tó kù ní 1898, gbogbo rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 16, oṣù keje, ọdún 1898. Ó yani lẹ́nu pé òfin Jámánì fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọjọ́ kìíní ọdún 1900. Ẹni tó wo àwòrán ilé aládùúgbò rẹ̀ kọ́lé ló kọ́kọ́ kó wọlé.

Àmọ́ bí ètò ìwé náà ti jẹ́ ti Jámánì tó, ẹni tó bá wo inú rẹ̀ yóò rí Boissonade. Abala 176 sọ pé ìṣọ̀kan ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì nìkan tó láti mú kí ohun ìní kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Òfin Jámánì kò gba bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ó di ìgbà tí wọ́n bá fa ọjà léni lọ́wọ́ tàbí tí wọ́n bá kọ ilẹ̀ sínú ìwé. Abala 177 sọ pé ẹni tó ra ilẹ̀ kò lè fi kojú ẹlòmíràn láìkọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Abala 423 fún olówó láṣẹ láti gba ohun tí ẹlòmíràn jẹ onígbèsè rẹ̀ bí onígbèsè náà bá káwọ́ gbera. Abala 424 sì fún un láṣẹ láti ní kí adájọ́ fagi lé ohun tí onígbèsè fi àrékérekè ṣe láti kó dúkìá rẹ̀ pamọ́. Láti ọ̀dọ̀ Faransé, nípasẹ̀ Boissonade, ni gbogbo ìwọ̀nyí ti wá. Ohun tí wọ́n yọ kúrò ni ìlànà pé àdéhùn gbọ́dọ̀ ní ìdí. Wọ́n ní kò wúlò. Faransé kò yọ ìlànà yẹn kúrò nínú òfin tirẹ̀ títí di 2016, ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn Jàpáànù.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì náà rí àyè jókòó. Abala 416, tó sọ iye owó gbà-má-bínú tí ẹni tó yẹ àdéhùn yóò san, ti ara ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní 1854 wá. Ọ̀pá irin inú ẹ̀rọ ìlọ̀kà kan ṣẹ́ nílùú Gloucester. Àwọn tó ni ẹ̀rọ náà gbé ọ̀pá náà fún àwọn akẹ́rù pé kí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó máa rọ òmíràn bíi rẹ̀, àwọn akẹ́rù sì fi falẹ̀. Ẹ̀rọ dúró, àwọn olówó rẹ̀ sì bèèrè èrè tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn adájọ́ sọ pé àdánù tó sábà máa ń tẹ̀ lé irú ìyẹ̀dí bẹ́ẹ̀, tàbí èyí tí àwọn méjèèjì lè ti ronú kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn, ni èèyàn lè gbà. Ìlànà yìí kan náà ni àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀ lé lórí owó gbà-má-bínú, nítorí òfin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi lélẹ̀ fún wa. Abala 526 náà mú ti Gẹ̀ẹ́sì pé bí àwọn méjì bá ń bá ara wọn dúnàádúrà láti ọ̀nà jíjìn, àdéhùn ti wà láti ìgbà tí ẹni tó gbà ti fi lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìlànà Gẹ̀ẹ́sì mìíràn pé ìlérí kò lágbára àfi bí ẹni tí wọ́n ṣe é fún bá fi nǹkan san án. Ní Jàpáànù, ìlérí ẹ̀bùn pàápàá jẹ́ àdéhùn.

Boissonade kò dúró wo òpin iṣẹ́ náà. Nínú oṣù kẹta, ọdún 1895, ó wọkọ̀ padà sí Faransé. Ẹni ọdún 69 ni, ìjọba Jàpáànù sì ti fi oyè ọlá dá a lọ́lá. Ó lọ ń gbé ní Antibes, létí òkun ní gúúsù Faransé, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 27, oṣù kẹfà, ọdún 1910, lẹ́ni ọdún 85. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Ume Kenjiro náà kú ní Seoul nílẹ̀ Kòríà, láìtíì pé ẹni 51 ọdún.

Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ bẹ Boissonade wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ti bọ́ sí i kó tó kú. Ní 1894, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìmùlẹ̀ tuntun pẹ̀lú Jàpáànù, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Nínú oṣù keje, ọdún 1899, ọdún kan lẹ́yìn tí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìmùlẹ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti ìgbà náà, àjèjì tó bá jẹ gbèsè ní Yokohama, iwájú adájọ́ Jàpáànù ni yóò ti rojọ́.

Orúkọ Boissonade ni kò tètè rí ojúure. Bí ọ̀rúndún 20 ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Jàpáànù ń kọjú sí Jámánì, wọ́n sì ń ka gbogbo abala òfin wọn bíi pé Jámánì ló ti wá. Ní 1926, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ tilẹ̀ fi èrò àwọn ará Jámánì túmọ̀ abala 416, èyí tí ìtàn rẹ̀ ti ara ẹ̀rọ ìlọ̀kà Gloucester wá. Ní 1965 ni Hoshino Eiichi, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Tokyo, tó kọ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ohun tí òfin náà mú látọ̀dọ̀ Faransé pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ní 1971, Hirai Yoshio ṣe irú rẹ̀ lórí abala 416 àti òfin Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó sọ èyí di pàtàkì ni pé adájọ́ tí kò mọ ibi tí òfin ti wá lè túmọ̀ rẹ̀ gba ibi tí àwọn tó kọ ọ́ kò rò, ẹni tó ń rojọ́ níwájú rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Jàpáànù tún òfin àdéhùn rẹ̀ ṣe ní 2017, àtúnṣe náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹrin, ọdún 2020. Wọ́n yọ ìlànà pé lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti di àdéhùn. Ní báyìí, ó di ìgbà tí ìdáhùn bá tó dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Àmọ́ abala 176 ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ní Yunifásítì Hosei, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí Boissonade ti kọ́ni ní Tokyo, ilé gogoro kan tí wọ́n kọ́ parí ní 2000 ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àwọn tó bá a jà ní 1891 bẹ̀rù pé òfin àjèjì yóò gba Jàpáànù mọ́ wọn lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n mú ti Faransé, wọ́n mú ti Jámánì, wọ́n mú ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ju èyí tí kò bá wọn mu nù, wọ́n sì sọ ìyókù di tiwọn. Ọmọ Jàpáànù tó ra ilẹ̀ lónìí kò mọ̀ pé ẹnì kan tí wọ́n bí ní Vincennes ló kọ́kọ́ kọ ohun tó fún un ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ náà, kò sì dìgbà tó bá mọ̀ kó tó ṣe é láǹfààní. Agbẹ̀gilére kì í bá ère rẹ̀ lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n bá gbé e lọ.